Ta Ló Ń Fi Orúkọ Modeste Ṣiṣẹ́?

Kọ̀ǹpútà ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Ohun tí a bá ní kó kà ló ń kà. Nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a bínú lọ́sàn-án ọjọ́ tó to orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò síwájú Noëlle, tó sì fi orúkọ Modeste sáàárín wọn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Noëlle bínú sí i. Ó bínú sí i bí ẹni pé ẹ̀rọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún òun ni.

Yàrá àwọn olùkọ́ ló jókòó sí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò. Àwọn ọmọ ti lọ sílé lọ jẹun. Ọyẹ́ ń gbé eruku bọ̀ láti orí òkè, ó ń dà á sórí tábìlì, sórí ìwé, sórí ètè èèyàn. Noëlle fi ìka nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún orúkọ náà kà. Modeste ni. Ohun tí ẹ̀rọ kọ síwájú orúkọ àwọn yòókù náà ló kọ síwájú tirẹ̀: Ó lẹ́tọ̀ọ́.

Modeste yìí ni omi adágún Nangbéto gbé lọ, ó sì ti lé lọ́dún kan. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí di òní. Òun náà ló ti gbé ọtí wá kan ilẹ̀kùn bàbá Noëlle, tí ilé méjèèjì sì ti ń jiyàn lórí ìgbéyàwó. Àwọn ará ilé Noëlle ní inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni wọn yóò ti ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìgbéyàwó. Àwọn ará ilé Modeste, tí wọ́n ń bọ òrìṣà ilé bàbá wọn, ní ojúbọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Wọn ò tíì parí iyàn náà tí omi fi bá wọn parí rẹ̀.

Àká Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí Noëlle àti Modeste jọ ń ṣe. Ìwé atúmọ̀ èdè ni, inú fóònù ló ń gbé, ohùn ni wọ́n sì fi kún inú rẹ̀ ju lẹ́tà lọ. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni èdè Ifẹ̀, èyí tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Atakpamé. Iṣẹ́ náà kò ní olówó. Ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kó sì mú un lọ lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ṣe é wà ní Atakpamé, ní Anié, ní Lomé, àwọn mìíràn sì wà lọ́hùn-ún nílẹ̀ Faransé tí òtútù ń pa wọ́n, tí èdè ilé ń wù wọ́n í gbọ́. Bí kò ti ní olówó yìí, ó nílò ẹni tí yóò máa darí rẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe é mọ ìjà í jà: ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má jà lórí ohun tó yẹ kó wọlé àti ohun tó yẹ kó jáde. Lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa là wọ́n.

Ta ló lè dìbò? Òfin wọn kò gùn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ kún àká náà láàárín ọdún kan, tí àwọn olùyẹ̀wò sì gba iṣẹ́ náà wọlé, olùdìbò ni. Wọn ò ní bi ọ́ léèrè ìwé ìbí, wọn ò ní bi ọ́ léèrè káàdì. Ẹni tó kọ òfin náà rò pé òun ti ro gbogbo nǹkan tán: ó ro ọ̀lẹ, ó ro olè, ó ro ẹni tí yóò fẹ́ fi orúkọ méjì dìbò. Kò ro òkú.

Lọ́dún yìí, Noëlle àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugène ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìdìbò. Lomé ni Eugène ń gbé, ọ́fíìsì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn òfin bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ìgbà tí omi gbé Modeste lọ ló dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń wọlé lábẹ́ orúkọ náà nìkan ló mọ̀. Òun ló pe Noëlle lọ́sàn-án yẹn.

"Noëlle, ṣé o ti rí i? Àwọn olùdìbò ti pé."

"Mo ti rí i."

"Ó dáa. Mo fẹ́ fa Modeste kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ o. Mo ti kọ í-meèlì sí i, kò dáhùn. Mo tún kọ òmíràn, kò dáhùn. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, kó má lè sọ̀rọ̀! Nítòsí ibẹ̀ lo kúkú wà, bá mi bá a sọ ọ́."

Ó yẹ kí Noëlle sọ pé Modeste ti kú. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ìwọ̀nba tí ahọ́n lè gbé ni, ṣùgbọ́n kò gbé e. Láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní, "Wọn ò tíì rí i." Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ mìíràn, a dìde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Màá wò ó," ló sọ fún Eugène.

"Dákọ̀, mo gbà. Àmọ́ ọjọ́ Ajé la máa gbé orúkọ síta. Bí kò bá fúnra rẹ̀ dáhùn kí ọjọ́ Ajé tó dé, màá gbà pé ẹlòmíì ló ń lo àkáǹtì rẹ̀. O mọ òfin: iṣẹ́ tí èèyàn bá fi orúkọ ẹlòmíì ṣe, ṣe la máa kó gbogbo rẹ̀ dà nù, àfi kí ẹni tó ṣe é gangan jáde wá fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé òun ni. Ẹni tí a bá sì yọ, a máa kọ ìdí rẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i."

Nígbà tí ó pa fóònù, Noëlle jókòó, ó ń wo orúkọ náà. Ìgbà yẹn ló tó rò ó wò dáadáa. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Iṣẹ́ tí Modeste fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti lé lọ́dún kan, kò sí nínú ohun tí wọ́n kà. A jẹ́ pé gbogbo ohun tó sọ Modeste di olùdìbò, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ló wọlé. Ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, ó sì ṣí ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà.

Ó kọ́kọ́ gbọ́ atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn kan tó wúwo, tó ha, tí kò ṣeé mọ̀ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Ohùn náà pe orúkọ àwọ̀n tí wọ́n fi ń pẹja. Ó pè é dáadáa, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé, "Ó yá." Kò sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbọ́ o. Ẹnì kan tó wà nítòsí ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e, ó gùn tó àkókò tí èèyàn fi lè pe ọ̀rọ̀ kan.

Noëlle ṣí òmíràn. Orúkọ ìkòkò ni. "Ó yá." Ìdákẹ́jẹ́. Ó tún ṣí òmíràn. Bákan náà ni. Ó sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ìlànà iṣẹ́ Modeste bí òun. Bó ṣe máa ń ṣe é ni pé yóò jẹ́ kí àgbàlagbà kan pe ọ̀rọ̀ náà, yóò wá sọ pé, "Ó yá," fún ara rẹ̀, yóò sì pè é tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń kọ́ èdè lè gbọ́ ohùn àgbà àti ohùn ọ̀dọ́ pa pọ̀. Àyè rẹ̀ ni wọ́n ń dá sí fún un. Ẹnì kan ń dúró dè é, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wá pe tirẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Máàsì ọjọ́ Ìsinmi kì í fò ó dá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi tó fi wẹ̀yìn wò nínú yàrá tó mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn àga olùkọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ránṣẹ́ sí Laetitia, ọmọ Anié tó ń gbé ní Lyon, torí òun ni olùyẹ̀wò tó ń gba iṣẹ́ wọ̀nyí wọlé; òun náà kò tíì gbọ́ pé Modeste ti kú. Kò pẹ́ tí Laetitia fi dá a lóhùn, ó ń jẹ nǹkan bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Modeste kẹ̀? Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ó kàn ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ni. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ó ṣe kedere. Ibi tóun alára ti máa ń pè é ni fóònù rẹ̀ ò gbé ohùn mọ́, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo máa ń gé ibẹ̀ kúrò. Sọ fún un kó tún un ṣe o."

Noëlle padà sórí kọ̀ǹpútà. Ó tún ohùn náà gbọ́, ó tún un gbọ́, títí tó fi gbọ́ ìkọ́ kékeré kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó mọ ìkọ́ náà. Ìyá Modeste ló ń wú u.

Ká ní ẹlòmíì ni, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Alààyè kúkú ni. Ṣùgbọ́n ọkàn Noëlle kò balẹ̀ rárá. Ó sàn fún un kó jẹ́ pé iwin ló ń ṣe é, torí kò sẹ́ni tó máa ní kó lọ bá iwin sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ tásì lọ sí Glei. Ó sọ̀ láàárín àwọn tó ń ta iṣu àti èédú létí títì, ó sì bọ́ sórí ọ̀kadà tó gbé e gba ọ̀nà eléruku lọ sápá ibi tí adágún wà. Omi ti fà sẹ́yìn nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n dí odò náà tún ti yọ orí, dúdú, láìléwé, wọ́n dúró káàkiri inú omi bí àwọn tó ń retí ọkọ̀. Noëlle yíjú kúrò. Ara igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ti bá ọkọ̀ tí Modeste wọ̀, ó dojú dé, kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀. Kì í ṣe apẹja. Ó bá àwọn apẹja lọ láti gbọ́ orúkọ ẹja ni, ó sì fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sílé kí omi má bàa bà á jẹ́.

Ṣàngówáwa ni wọ́n ń pe Modeste ní agboolé yìí. Ilé ìwé ló fún un ní orúkọ kejì. Fáníyì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ló kọ́kọ́ rí Noëlle. Ó ń gbẹ́ èèkù ọkọ́ lábẹ́ igi. Noëlle kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó wa, o káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lo bá dé?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Màmá ni mo wá rí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi pọtábù, fóònù yẹn, ṣe ni."

Fáníyì gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Iṣẹ́ Ṣàngówáwa ló ń bá a ṣe. Oko rẹ̀ náà, òun ló ń ro ó. A ò dí i lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, ìyàwó wa, má sọ nǹkan kan fún un o. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún un, ó lè pa á."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ fún un?"

"Kí la fẹ́ mú dání lọ sọ ọ́? Omi ò fún wa ní nǹkan kan, kódà aṣọ ò fún wa. Mò ń dúró de omi."

Noëlle mọ ìṣe ilé náà. Níbẹ̀, ìyá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú ọmọ rẹ̀, kì í sì í dá ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ wá túfọ̀ fún un, lójúkojú, kó pe orúkọ ọmọ náà, kó sì sọ ohun tó ṣe é. Títí dìgbà náà, ìrìn àjò ni ọmọ wà. Wọn ò ní jẹ́ kí oko rẹ̀ di igbó, wọn ò ní ká ẹní rẹ̀, kó má bàa dé bá ilé tó ti gbàgbé rẹ̀. Òkú ló máa ń mú àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Nígbà tí òkú ò sí, gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, Noëlle náà sì pa tirẹ̀ mọ́ pẹ̀lú wọn. Gbogbo ìgbà tó ti wá kí ìyá náà, oòrùn ló ń kí i, àgbàdo ló ń bi í léèrè.

Ẹ̀yìn ilé ló bá Àpọ̀kẹ́, ìyá Modeste, lórí àpótí, fóònù náà wà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ dì í. Àpótí kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Inú Àpọ̀kẹ́ dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyàwó mi! Jókòó, jókòó. Má jókòó síbẹ̀ yẹn, wá sí orí ẹní. Jẹ́ kí n parí eléyìí."

Àpọ̀kẹ́ kò mọ̀wé. Modeste ló ṣètò fóònù náà fún un tó fi jẹ́ pé àwòrán ló ń yọ, tó sì kọ́ ọ ní ibi tí yóò tẹ̀. Àwòrán apẹ̀rẹ̀ ló yọ. Àpọ̀kẹ́ gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ tó fi gbé fóònù náà sí apá ibi àpótí tó ṣófo.

"Ó yá," ló wí.

Ó dúró. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ gbé orí sókè. Noëlle di ẹnu mú. Kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí àpótí náà, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń gbọ́, débi pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní yà á lẹ́nu. Ohun tó wá bà á nínú jẹ́ jù ni pé nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó dùn ún bí ẹni pé omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Modeste lọ ni.

Àpọ̀kẹ́ fa ọwọ́ padà, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, ó sì fi aṣọ nu ojú fóònù.

"Ó ti tán. Kí ló gbé ẹ wá?"

"Màmá, ìdìbò kan ń bọ̀."

"Ti ìjọba?"

"Rárá o. Ti àwa tí à ń ṣe Àká. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, kí onítọ̀hún lè dìbò."

"Ṣàngówáwa ni."

"Màmá, ohùn yín ni mo ń gbọ́ níbẹ̀."

"Ohùn mi ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni." Àpọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo gbin àgbàdo sóko rẹ̀ nígbà òjò. Ṣé oko mi ló wá dà nítorí pé èmi ni mo di ọkọ́ mú? Ẹni tó rìnrìn àjò ló loko. Mo bá a ro ó ni."

Òfin tí wọ́n kọ ní Lomé àti Lyon kò mọ irú ẹjọ́ báyìí. Noëlle bojú wẹ̀yìn, ó rí Fáníyì tó dúró ní kọ̀rọ̀ ilé, tó ń mi orí sí i pé kó dákẹ́. Ó lè dákẹ́. Ó lè padà sí Atakpamé, kó ní òun ò rí ẹnì kankan, kí Eugène kọ ohun tó bá wù ú. Ó rò ó dáadáa, ẹ má ṣe jẹ́ ká purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ro ọdún kan tí obìnrin yìí fi jókòó sórí àpótí, tó ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó sì rò ó bí ẹnì kan ní Lomé yóò ṣe tẹ nǹkan kan ní ọjọ́ Ajé, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì lọ.

"Màmá, bí a bá fi í sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n á ní olè ló ń lo orúkọ rẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ pè dà nù. Àfi tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, pé tiyín ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àpọ̀kẹ́.

"Wọ́n á kó o dà nù?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ tirẹ̀?"

Noëlle wolẹ̀.

"Mò ń bi ẹ́, ìyàwó mi. Ọmọ mi ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun ló kọ́ mi. Kí ló ṣe é tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi lè jẹ́ tirẹ̀ mọ́?"

Kò pariwo. Kò bínú. Ó ti gbé fóònù kalẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo Noëlle lójú tààrà. Fáníyì ti jáde tán láti kọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa!" ló pè. Àpọ̀kẹ́ kò wẹ̀yìn.

"Kí ló ṣe é?" ló tún bi í.

Noëlle gbé ojú sókè. Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń sá fún láti ọdún tó kọjá, níbi fífọ abọ́ tó mọ́, níbi kíkí oòrùn, níbi "Màá wò ó," ó wá jókòó síwájú rẹ̀ báyìí pẹ̀lú ojú obìnrin tó ti darúgbó. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ń ṣe é bí ohùn ẹlòmíì.

"Ṣàngówáwa ti kú, Màmá. Omi ló gbé e. Kò ní padà wálé."

Fáníyì di orí mú. Obìnrin kan tó ń gún nǹkan ní àgbàlá kejì dá ọwọ́ dúró. Noëlle ti múra láti sáré gbá Àpọ̀kẹ́ mú kó má ṣubú, ṣùgbọ́n Àpọ̀kẹ́ ò ṣubú. Ó mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ru ẹrù wá láti oko, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"O ṣeun," ló wí. "Bàbá Ilé, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ló wá bá yín ṣe é."

"A rò pé o ò lè gbà á ni," Fáníyì wí. "A rò pé o ò mọ̀."

"Ìyá wo ni kò mọ̀?" Ìgbà yìí ni ohùn rẹ̀ tó le. "Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ yẹn wá sétí omi ni mo ti mọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń bọ́jú, tí mò ń jókòó síbí, tí mò ń sọ pé òní ni wọn ó wá bá mi. Ẹ ń wá, ẹ ń kí mi kú oòrùn. Ẹ ń kí mi kú òjò. Ẹ ń bu omi mu, ẹ ń lọ. Kí ni kí n ṣe? Kí n fi ẹnu ara mi pa ọmọ mi? Mo bá ń ro oko rẹ̀. Mo bá ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní kí n máa rí nǹkan ṣe títí ẹnì kan yóò fi ṣàánú mi."

Fáníyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Àgbàlagbà ni, ojú ara rẹ̀ ló ń tì í, kò sì ṣeé wò. Noëlle fẹ́ sọ pé kí wọ́n dárí ji òun. Gbogbo àbẹ̀wò rẹ̀, gbogbo búrẹ́dì tó rà wá láti Atakpamé, ó rò pé àánú ni. Ìyà ló fi ń jẹ obìnrin yìí láti ọjọ́ yìí wá.

Àpọ̀kẹ́ gbé fóònù náà lórí ẹní, ó nà án sí i.

"Ṣí ibi tí mo ti máa sọ ọ́."

Noëlle ṣí i. Ó ṣì í tẹ̀ kó tó rí i. Àpọ̀kẹ́ gbé e súnmọ́ ẹnu bó ṣe máa ń ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè Ifẹ̀, láìkánjú.

"Èmi ni Àpọ̀kẹ́. Èmi ni mo pe àwọn ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú. Tèmi ni. Ẹ má kó o dà nù."

Ó dá fóònù padà fún Noëlle. Ìwọ̀nba tí Eugène ń fẹ́ nìyẹn, kò kù síbì kan, kò sì lé. Ọjọ́ Ajé yóò dé, orúkọ kan yóò jáde nínú àwọn olùdìbò, òmíràn yóò wọlé, ìdí rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ kí àwọn ará Lyon àti ibi gbogbo kà á. Noëlle fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́. Ó mọ̀ báyìí pé òun lè kọ ọ́.

"Ṣé ó ti wọlé?" Àpọ̀kẹ́ bi í.

"Ó ti wọlé, Màmá."

"Kò sí ohun tó kù kí n ṣe síbẹ̀?"

"Kò sí."

Àpọ̀kẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan. Irun rẹ̀ ti funfun tán, Noëlle ò sì rí i rí.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò lọ́wọ́, ọmọ mi," ló wí. "Wá dì mí mú. Mo fẹ́ sunkún."